Òwú Pupa Ni Ẹ̀rọ Yẹn Ń Rí, Kì í Ṣe Ihò

Èmi! Èmi Sẹ̀kínátù ni kí n wá fọwọ́ sí i pé mo ba iṣẹ́ jẹ́! Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé lẹ́tà yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ẹ gbé e kúrò kí ọmọ yìí má baà tọ̀ sí i, bó bá sì tọ̀ sí i náà, wàlláhì, mi ò ní bá a wí! Mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà, inú mi dùn, mo ní àǹtí mi rèé, súpáfáísọ̀ mi, ẹni tó mú mi wọ ilé iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́ pé Máníjà ní kí n lọ jókòó sílé, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìsọlọ̀ wá sí Òkóta nínú oòrùn ọ̀sán Sátidé, wọ́n wá bá mi dárò. Mo gbé àga fún yín, mo bu omi, mo tún ní kí Ìdrís ju ọwọ́ sí yín. Àṣé lẹ́tà lẹ kì sínú báàgì bọ̀! Àṣé Máníjà ló rán yín!

Kí lẹ ní? Kí n fara balẹ̀ kà á? Mo ti kà á! Mo kà á tán kí ẹ tó gbé ife omi yẹn délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo sì kà á. Àbí ẹ rò pé mo ṣì jẹ́ Sẹ̀kínátù ọjọ́sí, tó máa ń tẹ ìka bọ yíǹkì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orúkọ? Ẹ̀yin náà lẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, lẹ́yìn iṣẹ́, ọdún méjì gbáko, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ìlà kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kí n sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ gé àmì kúrò lára rólù tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, kí ẹ̀rọ lè kùnà lójú àwọn ọ̀gá, torí pé ẹ̀rù ń bà mí kó má gba iṣẹ́ mi. Mọ̀ọ́mọ̀! Ẹ̀rù! Ta ni ẹ̀rù ń bà?

Ó dáa, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Bí afẹ́fẹ́ bá kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já, láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí ni mi ò ti sùn fọkàn balẹ̀, n ó jí lẹ́ẹ̀marùn-ún wo imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn kọ́ ló ń bà mí.

Ẹ má mi orí sí mi báyẹn o. Ẹ jẹ́ n tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún yín bí ẹni ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, torí ó jọ pé láti àná sí òní, ẹ ti gbàgbé gbogbo ohun tí ojú yín rí.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn là ń ṣe, àbí kí là ń ṣe? Kì í jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbọọrọ ló ń jáde lára ẹ̀rọ tó ń hun ún, bí odò tí kò ní òpin, à ń ká a jọ ní rólù rólù kí wọ́n tó gé e. Àwa obìnrin mẹ́fà la wà nídìí tábìlì oníná, iná ń tàn nísàlẹ̀ gíláàsì, nẹ́ẹ̀tì ń gba orí rẹ̀ kọjá, a ranjú mọ́ ọn, ihò là ń wá. Bá a bá rí ihò, a ó fẹsẹ̀ dá a dúró, a ó so òwú pupa bíńtín mọ́ etí nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀gangan ibẹ̀. Etí ni o! Kì í ṣe àárín, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá so òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, ihò míì ló ń dá sílẹ̀. Òwú pupa ti etí yẹn ni Roqeebah àti àwọn alábẹ́rẹ́ yòókù máa ń wò, wọ́n á ní, áà, ó wà ní ìlà yìí, wọ́n á fi ọwọ́ tọ ìlà náà láti etí dé etí, wọ́n á rí ihò, wọ́n á dí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí n tó mọ ọ̀nà Ìsọlọ̀ rárá.

Máníjà Adéyínká wá ní àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ. Wọ́n ní kámẹ́rà ni wọ́n máa gbé kọ́ sókè, tí á máa wo nẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń jáde, tó bá ti rí ihò, á ké. Ṣé mo bínú? Ẹ sọ òótọ́ níbí yìí, ṣé mo bínú? Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́? Èmi ni! Roqeebah gbé ẹnu sí mi létí, ó ní, ‘Ìyá Ìdrís, ò ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ wá jókòó sórí àga ẹ?’ Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Òun ò mọ ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, mo sì sunkún lé yín léjìká.

Nẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ fún mi nígbà tí mo bímọ, bí wọ́n ṣe máa ń fún gbogbo ìyá tuntun. Mo ta á sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì yíká, mo ní ẹ̀fọn Òkóta, ẹ wá wo obìnrin tó ń ṣe nẹ́ẹ̀tì! Ìdrís ò tí ì pé oṣù mẹ́rin nígbà tí ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ, tí ojú rẹ̀ yí sókè. Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní ọsibítù. Táòfíkì ọkọ mi pa mọ́tò tì, ó kàn ń rìn káàkiri bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí ọmọ mi lára, àǹtí, ọmọ tí apá rẹ̀ ò ju ìka mi méjì lọ. Ìgbà tá a padà délé, mo tú nẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Ihò! Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀. Mo yí léébẹ̀lì rẹ̀ wò, kí n mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà mẹ́rin. Ta sì ni nọ́ńbà mẹ́rin?

Èmi náà ni. Tábìlì mi. Ojú mi ló wò ó kọjá, bóyá ní wákàtí keje, nígbà tí omi ti ń dà lójú mi pòròpòrò, tí mò ń rò pé mò ń wò tí mi ò sì wo nǹkan kan.

Èmi yìí ni wọ́n wá ń sọ pé kò fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ríran? Mo fẹ́ ẹ ju Máníjà lọ! Òun ń wá ohun tí á fi han àwọn ọ̀gá, èmi ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ríran! Ohun tí mo wí ò ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá máa gbé e lé wa lórí, kó kọ́kọ́ ríran! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣé ó le?

Ìdrís, fi yẹtí àǹtí sílẹ̀. Ẹ má bínú.

Àwọn méjì ló wá tajà. Máníjà ní ká wá rólù kan tó ní ogún ihò, ká fi dán ẹ̀rọ àwọn méjèèjì wò, èyí tó bá rí púpọ̀ jù la máa mú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin la jọ yan rólù yẹn, ogún ihò, ogún òwú pupa. Jennifer ló kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ Túsìdè, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn tí bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí ló kọ́kọ́ bèèrè? Kò tí ì kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tán tó fi di òwú pupa mú, ó ní, ‘Mà, kí lèyí?’ Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká tú gbogbo rẹ̀, ká kàn kọ ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé, iye mítà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tó ń ṣe ìdánwò kì í gbé ìdáhùn sórí tábìlì. Èmi ni mo kọ ọ́. Ìwé tí mo fi ń lọ sí kíláàsì ni mo kọ ọ́ sí, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi nínú yàrá báyìí, ẹ lè lọ wò ó. Ẹ̀rọ Jennifer rí mẹ́rìnlá nínú ogún. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta sórí ìdọ̀tí lásán, Máníjà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ń bẹ̀rù eruku. Ṣùgbọ́n ó tún ké níbi méjì tí àwa ò so nǹkan kan mọ́ rí. A wò ó, a fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Ihò ni! Ihò méjì tí obìnrin mẹ́fà wò kọjá! Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ti wà níbẹ̀ nígbà tí nẹ́ẹ̀tì Ìdrís ń kọjá lọ ńkọ́?

Nígbà tó lọ, ẹ ní kí n so òwú padà, kí àwọn alábẹ́rẹ́ má baà wá ihò tì lẹ́yìn ìdánwò. Mo so ó padà. Mo ní ṣé kí n so tàwọn méjì tuntun yẹn náà, Máníjà ní rárá, ogún lòun kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá, ogún ni kó wà. Kò sẹ́ni tó rò ó wò. Èmi náà ò rò ó wò, kí n má parọ́. Ọwọ́ wa ti mọ́ ọn ni: bí ihò bá ti wà, òwú gbọ́dọ̀ wà, bí ẹni tó jẹun tán tó ṣanwọ́, ta ló ń ronú kó tó ṣanwọ́?

Tọ́sìdè ni Albert, ẹnì kejì, wá. Ẹ rántí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀? Tó ń kí gbogbo wa ní ‘ẹ̀yin ìyá mi’, èmi tí mi ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún! Kò bèèrè òwú. Kí ló fẹ́ bèèrè sí? Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wá lóṣù tó kọjá, wọ́n ya fọ́tò rólù wa lọ bẹẹrẹ, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn fẹ́ fi kọ́ bí ihò wa ṣe ń rí. Kò sí fọ́tò ihò kan tí wọ́n yà tí òwú pupa ò sí níbẹ̀! Wọ́n yí rólù, ó ké, ó ké, ó ké. Ogún nínú ogún! Kò ké sórí ìdọ̀tí kankan. Máníjà dì mọ́ Albert bí ẹni tó rí àna rẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ mi ò tí ì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan gún mi láyà. Ihò méjì ti Jennifer ńkọ́? Ẹ̀rọ tó rí gbogbo ogún láìṣì ọ̀kan, kí ló dé tí kò rí méjì yẹn? Ta ló sọ fún un pé ogún là ń kà? Mo bá rọra sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ti rí nǹkan, á fa ìlà yí i ká bí àpótí. Mo wo àpótí àkọ́kọ́. Etí ló wà. Mo wo èkejì. Etí. Ẹ̀kẹta, etí! Ihò wà láàárín gbalasa, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò sẹ́ni tó kà á sí, àpótí ń bẹ lọ́hùn-ún létí, ó yí òwú pupa tèmi ká, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi so! Súbúhánallàhì! Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ihò! Òwú ló mọ̀!

Ẹ rántí Ìyá Abíọ́nà ní kíláàsì wa? Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ, ẹ sì máa ń yọjú síbẹ̀. Obìnrin yẹn máa ń kàwé já gaara ju gbogbo wa lọ. ‘Àgbò ń jẹ koríko.’ ‘Bàbá ń gun kẹ̀kẹ́.’ Fààà! Àwa ń kùn bí oyin, òun ti dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Títí di ọjọ́ tí tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán mọ́lẹ̀. Ó tán! Kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, àgbò tí wọ́n yà síbẹ̀ ló ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Obìnrin yẹn ò purọ́ o. Òun náà rò pé òun ń kàwé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò sọ pé Albert purọ́, bóyá òun alára ò mọ̀. Mi ò sì sọ pé Máníjà gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ẹ fọwọ́ bo àwòrán, ká wò ó!

Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ, ṣé ẹran tí wọ́n ti gé tán ló fi ń dán an wò? Wọ́n yọ ìdáhùn níwájú Jennifer, wọ́n to ìdáhùn síwájú Albert, wọ́n wá ní Albert ló gbégbá orókè. Ẹ wo ìdájọ́!

Kí sì ni Máníjà ní àwọn máa ṣe bí ẹ̀rọ bá dé? Nínú àwa mẹ́fà, mẹ́rin ń lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, méjì á kù tí á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó dáa! Ta ni á máa so òwú? Ẹ dá mi lóhùn, súpáfáísọ̀! Kò ní sí ẹni tó ń so òwú mọ́, ẹ̀rọ ò ní rí òwú, kò ní ké, gbogbo nẹ́ẹ̀tì á máa kọjá, ìwé á mọ́ tónítóní, kò sí ihò lánàá, kò sí ihò lónìí, Máníjà á máa gbé ìwé yẹn han àwọn ọ̀gá, wọ́n á ní, áà, iṣẹ́ ti dára sí i! Ẹ̀fọn á sì máa gba ojú ihò wọlé lọ bá ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọn ò mọ orúkọ wa, tí ìyá á ti ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì bí mo ṣe kì í, tí á ní òun ti ṣe tòun. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn! Ṣé wọ́n kọ ìyẹn sí lẹ́tà? Níbo ló wà? Ẹ bá mi wá a, ìlà wo ló wà?

Kò sí níbẹ̀.

Àná Fúráìdè, àwọn ọ̀gá mẹ́rin wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara wọn rí ẹ̀rọ Albert kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo fa wáyà yọ? Ṣé mo da omi sí kámẹ́rà? Òwú mẹ́ta ni mo gé. Mẹ́ta péré! Mo sì so ọ̀kan mọ́ ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti dá ṣáká, tí kò sí ihò rárá. Ẹ̀rọ dé ibi tó dá ṣáká, ó ké bí ewúrẹ́ tí ọkọ̀ gbá! Ó dé ibi ihò tó tó ẹnu ife yìí, kẹ́kẹ́ pa. Ó dé èkejì, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀kẹta, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń sáré lọ ná ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdè, kò wọ̀tún, kò wòsì. Mo nawọ́ sókè bá a ṣe ń nawọ́ ní kíláàsì, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ibi tí àpótí yẹn wà.’ Ṣé èébú nìyẹn? Ṣé mo pe bàbá ẹnì kan lórúkọ?

Máníjà ní ta ló ní kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé kíláàsì àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n ti kọ́ mi ní kámẹ́rà. Àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Albert náà rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ ò ní gba ọmọ lẹ́yìn yín.’ Ọmọ ò tiẹ̀ sí lẹ́yìn mi, ọmọ wà níbi tí mo gbé e sí, omi ọmú ló ti rin mí láṣọ níwájú gbogbo wọn. Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, sìkiúrítì ti dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ lọ́rùn mi. Mo rìn jáde, àwọn onílọ́rì tó tò síta ń wò mí bí ẹni tí wọ́n bá nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìró rẹ̀.

Táòfíkì ní kí n fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá. Ó ní ọmọ la fẹ́ tọ́, a ò bá ẹ̀rọ dú nǹkan kan. Mo ní Táòfíkì, ìwọ náà lo dì í mú nígbà tí wọ́n ń wá iṣan rẹ̀. Ó lọ fọ mọ́tò tó ti fọ̀ láàárọ̀.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí. Pé ká sọ òótọ́, mi ò gbàṣẹ? Pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó jù mí lọ?

Áà. Àǹtí Fọlákẹ́. Ẹ̀yin lẹ la ẹnu yín sọ ìyẹn?

Ó dáa. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, mo ti gbé e mì láti àná, mi ò sọ ọ́ fún Táòfíkì pàápàá. Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, ta ló dúró tì mí níwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn? Ta ni mo fi ìka hàn pé, ‘Àǹtí, ẹ wo àpótí yìí, etí ló wà’? Ta ló wọ gíláàsì ojú, tó bọ́ ọ, tó fi ìró nù ún, tó tún un wọ̀, tó ní, ‘Yéè, Sẹ̀kínátù’? Ní àárọ̀ àná, kí àwọn ọ̀gá tó dé, mo bèèrè! Mo bá yín lẹ́yìn àwọn rólù, mo ní, ‘Àǹtí, ṣé kí n gé mẹ́ta nínú rẹ̀, ká wò ó lójú wọn?’ Ẹ ò ní rárá. Ẹ ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tọwọ́ bọ àpò, ẹ mú sísọ́ọ̀sì jáde, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì tiyín, èyí tí ẹ we rọ́bà dúdú mọ́ létí! Sísọ́ọ̀sì tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn!

Nígbà tí Máníjà bi mí pé ta ló rán mi, mo wojú yín. Ilẹ̀ lẹ̀ ń wò. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, èmi nìkan ni. Ẹ ò bẹ̀ mí kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ o, mo sọ ọ́ torí pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan. Mo ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, àǹtí mi á lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n á ṣàlàyé. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá gbé lẹ́tà dé. Ẹsẹ̀ yín gbé e, àǹtí? Láti Ìsọlọ̀ dé ibí, kò wúwo lọ́wọ́ yín?

Ẹ nu ojú yín. Mi ò bá yín jà. Mo mọ̀ pé ọdún méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lé yín lónìí, àwọn ọmọ ọmọ tí ẹ ń tọ́ yẹn ò ní ẹlòmíì. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ kí n fi tèmi ṣe? Kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ irọ́, orúkọ tí mo fi odidi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kó lè jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ìwé mi ṣe láyé ni pé mo fi ba ara mi jẹ́? Láéláé! Kí wọ́n lé mi! N ó lọ máa bá wọn ká aṣọ ní Aswani, n ó máa ṣa bọ́tìnì, Ọlọ́run tó dá ẹnu kò ní jẹ́ kó gbófo. Ẹ gbé lẹ́tà yín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, agogo méje, n ó wà lẹ́nu géètì, Ìdrís á wà lẹ́yìn mi. Mi ò ní pariwo, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ni mò ń béèrè: kí wọ́n gbé rólù kan tí kò ní òwú, kí wọ́n yí i lábẹ́ ẹ̀rọ Jennifer, kí wọ́n yí i lábẹ́ ti Albert, kí àwọn ọ̀gá dúró wò ó. Bí ti Albert bá rí ihò mẹ́wàá péré nínú ogún, n ó kúnlẹ̀ ní gbangba, n ó fọwọ́ sí lẹ́tà wọn tojú tìyẹ́. Bí kò bá rí, kí Máníjà ya á lójú mi, kí wọ́n fún mi ní káàdì mi, kí n padà sídìí tábìlì mi títí tí wọ́n á fi rí èyí tó ń ríran.

Àwọn ọ̀gá ò ní dá mi lóhùn? Òótọ́ ni. Ta ni mo jẹ́? Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní lọ báyìí.

Mi ò ní kí ẹ ṣàlàyé kámẹ́rà. Mi ò ní kí ẹ bá Máníjà fa ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ́nu yín, níwájú wọn: ‘Èmi ni mo fún un ní sísọ́ọ̀sì.’ Ìyẹn nìkan. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ti lo ọdún mọ́kànlélógún nídìí iná yẹn, wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí ló rí tó fi fún un? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wí i kí n gbọ́. Níbí yìí. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́, Ìdrís ti sùn lọ.

Ẹ gbé orí sókè, ẹ má sọ ọ́ fún ilẹ̀.

Hàà! Ṣé ohùn tí ẹ fi máa ń pè wá bá a bá pẹ́ dé nìyẹn? Èmi tí mo jókòó tì yín ò gbọ́! Ẹ̀rọ mẹ́jọ tó ń hun nẹ́ẹ̀tì ni á máa pariwo lẹ́yìn yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àǹtí mi. Ẹ tún un wí. Ẹ má wo Ìdrís, kó jí! Ẹ tún un wí, kó ta ariwo wọn yọ!